Ẹni Tó So Wáyà Kọ́ Ló Ń Yẹ̀ Ẹ́ Wò

Mi ò wò ó. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí tí mo bá kọ́kọ́ ń ṣàlàyé, àwáwí ló máa dà. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n wo nǹkan, kí n fọwọ́ kàn án, kí n wá lu òǹtẹ̀ sórí ìwé pé mo ti wò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Àkúrẹ́, mo lu òǹtẹ̀ fún ohun tí mi ò wò. Ẹlòmíràn ló ru ẹ̀bi rẹ̀. Ohun tó wá ń bí mi nínú jù ni pé mo ti ń sọ pé èmi ni, ẹni tó ru ẹ̀bi náà ò sì fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ológun ni mí, àmọ́ yàtọ̀ sí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ wa, mi ò yìnbọn rí. Ìtọ́jú hẹlikọ́pítà ni iṣẹ́ wa. Nígbà tí àwọn ajínigbé ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rin ọ̀nà oko ní ìfọ̀kànbalẹ̀ mọ́, wọ́n gbé hẹlikọ́pítà kan wá sí Àkúrẹ́ kó máa fò lórí igbó, wọ́n sì kó àwa tí à ń tún un ṣe tẹ̀ lé e. Ká sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, ilé ni wọ́n kó mi wá, torí àdúgbò Isíkàn níbẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ìwé mi ò pọ̀. Mo parí girama, àmọ́ èsì ìdánwò mi kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń gbé han àlejò. Ọwọ́ ni mo fi kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo mọ̀.

Títí di òní, ìyá mi ò gbà pé àyẹ̀wò ni mò ń ṣe. Ohun tó sọ fún gbogbo àdúgbò ni pé ọmọ òun ló ń wa bàálù àwọn sójà.

"Màámi, mi ò wa nǹkan kan. Mo máa ń wò ó bóyá wọ́n tún un ṣe dáadáa ni."

"Ẹni tó tún un ṣe, ṣé kò mọ̀ bóyá òun tún un ṣe dáadáa ni?"

"Ó mọ̀."

"Kí wá ni uṣẹ́ tìrẹ?"

Mo máa ń fi ibínú dìde kúrò níbẹ̀. Ká má parọ́, ìbéèrè tó dáa ni. Ẹni tó dá mi lóhùn rẹ̀ ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ìyẹn Sájẹ́ǹtì kan tó jẹ́ ọmọ Oǹdó. Níwájú àwọn yòókù, Sájẹ́ǹtì ni mo máa ń pè é. Tó bá ku àwa méjì, Ẹ̀gbọ́n ni. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di sípánà mú tí kò fi ní yọ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Òun náà ló sọ fún àwọn ọ̀gá pé kí wọ́n gbé mi lọ sí ẹ̀ka àyẹ̀wò, ó ní ojú mi mú, mi ò sì lọ́rọ̀ lẹ́nu. Mo rò pé ó ń yìn mí ni nígbà yẹn. Àìlọ́rọ̀ lẹ́nu yẹn gan-an ló padà wá di wàhálà.

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ wa tí kò ṣòro láti yé ọmọdé: ẹni tó so wáyà kọ́ ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Níbi ìrù hẹlikọ́pítà, níbi tí abẹ̀bẹ̀ kékeré máa ń yí, àwọn nọ́ọ̀tì kan wà níbẹ̀ tí a máa ń fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ra wọn, kí gbígbọ̀n má baà tú wọn. Wáyà náà gbọ́dọ̀ máa fa nọ́ọ̀tì lọ síbi tó ń le sí. Tí èèyàn bá ṣèèṣì wé e sódì, á máa fà á lọ síbi tó ń tú sí ni, wáyà tó yẹ kó jẹ́ ààbò á sì di ọ̀tá. Ẹni tó so ó lè má rí i, torí ohun tó ní lọ́kàn láti ṣe ni ojú rẹ̀ máa rí. Ìdí nìyẹn tí ojú mìíràn fi gbọ́dọ̀ wò ó kí wọ́n tó pa ibẹ̀ dé. Ìdáhùn ìbéèrè ìyá mi nìyẹn.

Sájẹ́ǹtì fi ẹnu kọ́ mi títí ó fi wọ̀ mí létí.

"Tí mo bá sọ fún ẹ pé mo ti so ó, kí lo máa ṣe?"

"Màá wò ó, Ẹ̀gbọ́n."

"Tí mo bá ní ṣé o rò pé mò ń parọ́ ni ńkọ́?"

"Màá ní rárá o, màá sì wò ó."

"Tí mo bá gbá ẹ lójú ńkọ́?"

Mo fọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.

"Wàá ṣì wò ó," ó ní. "Ojú kan tó kù lo máa fi wò ó, torí ìkejì á ti wú."

Ó sì ní àṣà kan tí mi ò rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Tó bá ti so wáyà tán, á nu sípánà rẹ̀, á sún sẹ́yìn, á wá kẹ́yìn sí iṣẹ́ náà pátápátá. Ó ní ojú àgbà wúwo. Ó ní tí òun bá tẹjú mọ́ mi, ojú òun lè ti ojú mi kúrò níbi tó yẹ kó dúró sí.

Nígbà tó yá, ìyá rẹ̀ kú. Ìyá arúgbó ni, àwọn èèyàn ń sọ pé kì í ṣe òkú ọ̀fọ̀, àmọ́ òun nìkan ni ọmọ tó kù fún màmá náà láyé. Ó gbàyè lọ sí Oǹdó, ó sin ín, ó padà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún un láàárọ̀ tó dé ni wáyà ibi ìrù yẹn, èmi sì ni wọ́n yàn pé kí n yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ó ti so ó tán. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ti wá kí i, wọ́n ti lọ. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í ti òkèèrè kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, tọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́wọ́ mi.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yìn màmá á dáa."

"Àmín. Dìde. Ọlọ́run á jẹ́ kó jìnnà síra."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ò ráyè sunkún ní Oǹdó, torí èrò pọ̀, gbogbo wọn ló sì ń bi òun léèrè ibi tí wọ́n máa jókòó sí. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, gírísì sì fà sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó wá ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Ó nu sípánà, ó sún sẹ́yìn, ó kẹ́yìn sí mi.

Ibẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú mi. Kò sẹ́ni tó dí mi lọ́wọ́. Àmọ́ mo ń rí èjìká rẹ̀ tó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, mo wá ń rò ó pé ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún níwájú mi nìyí, ṣé màá wá tanná tọ́ọ̀ṣì sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń wá olè ni? Lójú mi, bí ìgbà tí èèyàn kí ọlọ́fọ̀ tán tó tún tú àpò rẹ̀ wò ni. Mo lu òǹtẹ̀.

"Ó ti dáa, Ẹ̀gbọ́n."

Ó yíjú padà. "O wò ó?"

"Mo wò ó."

Ó wá pa á dé. Ẹ rí i pé ó bi mí. Ibẹ̀ ló máa ń dùn mí jù tí mo bá rántí. Ó bi mí, mo sì parọ́ fún un, torí pé mi ò fẹ́ já a kulẹ̀.

Ọ̀gá àyẹ̀wò wa obìnrin ni, ọmọ Ìkàrẹ́, kì í pariwo. Tó bá wù ú ló máa ń yọ sí wa, á nawọ́ síbi kan lára hẹlikọ́pítà, á ní, "Ẹ ṣí ibí." Lọ́jọ́ yẹn, awakọ̀ ti wọ aṣọ tán, ó ń dúró. Ibi ìrù ló nawọ́ sí. A ṣí i. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, kò tètè nàró. Wáyà kan wà níbẹ̀ tí Sájẹ́ǹtì wé sódì, òun tí ọwọ́ rẹ̀ kì í yẹ̀.

"Ta ló yẹ èyí wò?"

Mo la ẹnu. Sájẹ́ǹtì ti sọ̀rọ̀.

"Mo ti pa á dé kí ọmọ yìí tó dé, mà. Mo ní kó lu òǹtẹ̀. Ó kọ̀, mo halẹ̀ mọ́ ọn."

Mo yíjú sí i. Ó wò mí bí àgbà ṣe máa ń wo ọmọdé tó fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ àlejò. Mo pa ẹnu mi dé. Mo ní tí ọ̀gá bá lọ, a máa yanjú ẹ̀. Ọ̀gá lọ, a ò yanjú nǹkan kan.

Ohun tó ń múnú bí mi nìyí. Tó bá jẹ́ wáyà nìkan ni, ì bá rọrùn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá rẹ̀ ni, wọn ì bá bá a wí, kí wọ́n ní kó lọ sinmi. Àmọ́ ẹni tó bá fi ipò halẹ̀ mọ́ ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò, wọn kì í dárí jì í nínú iṣẹ́ wa, torí ó ti fọ́ ojú kejì nìyẹn. Ẹ̀sùn yẹn, tí kò sí níbẹ̀, tó jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló fi kan ara rẹ̀, òun ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò jẹ́ kó fọwọ́ kan hẹlikọ́pítà mọ́. Nígbà tó yá, ó fẹ̀yìn tì, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Oǹdó. Kò sẹ́ni tó kú o. Wọ́n tún wáyà náà so, hẹlikọ́pítà fò lọ́jọ́ kejì. Orúkọ ọkùnrin kan nìkan ló fara pa.

Ọjọ́ tó ń di ẹrù, mo lọ bá a.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́."

"Èmi kì í ṣe ọmọ titun."

"Orí rẹ sì wọ́," ó ní, ó ń fa okùn ẹrù rẹ̀. "Bá mi di etí ibí yìí mú."

Mo bá a dì í mú. Irú ènìyàn tí mo jẹ́ nìyẹn.

Ǹ bá ṣì wà bẹ́ẹ̀ títí di òní, ká ní ọ̀gá ò ní kí n kọ́ àwọn ọmọ tuntun. Wọ́n kó wọn wá sọ́dọ̀ wa kí wọ́n wá mọ iṣẹ́, ọ̀gá wá pè mí. "Ìwọ ni ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ìwọ ni kó o sọ fún wọn kí wọ́n má jẹ́ kí àgbà kankan fi ipò dẹ́rù bà wọ́n." Mo dúró níwájú wọn. Mo sọ ọ́ fún wọn bí ọ̀gá ṣe wí. Ọ̀kan nínú wọn nawọ́ sókè.

"Ọ̀gá, báwo ló ṣe halẹ̀ mọ́ yín?"

Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀ pé wọ́n máa bèèrè. Mo ní ó lajú mọ́ mi, ó sì ní màá rí i.

"Àwọn àgbà ayé," ọ̀kan sọ lẹ́yìn, àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá ń wò mí bí akíkanjú. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ń pè mí ní Má-Bẹ̀rù-Àgbà. Ara mi kọ orúkọ náà. Tí wọ́n bá pè mí báyìí, bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún mi ni.

Ọjọ́ yẹn náà ni mo lọ bá ọ̀gá, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

"Ó ti sọ̀rọ̀ ṣáájú mi, mà."

"Ẹnu tìrẹ ńkọ́? Ṣé òun náà ló bá ẹ gbé e dání ni?"

Ó gba òǹtẹ̀ mi, ó ní òun máa ránṣẹ́ pe Sájẹ́ǹtì kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Inú mi dùn, àṣé mi ò tíì mọ ọkùnrin náà tó. Ó ti Oǹdó wá, ó wọ aṣọ àdìrẹ tó lọ̀ dáadáa, ó jókòó, ó ní, "Mà, àánú mi ló ń ṣe ọmọ yẹn. Ẹ má dá a lóhùn. Mo halẹ̀ mọ́ ọn."

Ọ̀gá pe àwa méjèèjì papọ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ẹ̀yin méjèèjì yìí, irọ́ lẹ fi ń bọ̀wọ̀ fún ara yín," ó ní. "Ọ̀kan parọ́ torí àgbà, ìkejì parọ́ torí ọmọ. Èwo nínú yín ni kí n fi hẹlikọ́pítà sí lọ́wọ́? Ẹ lọ bá ara yín sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá ti di ẹnu kan, kí ẹ padà wá."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń jókòó sílé ní Isíkàn nìyẹn. Ìyá mi sọ fún àwọn ará àdúgbò pé bàálù ló bàjẹ́, wọ́n ń dúró de ọmọ òun kó tó gbéra.

Mo lọ sí Oǹdó láti lọ bẹ̀ ẹ́ kó sọ òtítọ́. Kódà ọkọ̀ tí mo wọ̀ bí mi nínú. Okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo bi awakọ̀ ta ló so ó.

"Èmi ni."

"Ta ló wá yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Ọ̀gá sójà, ilẹ̀kùn yìí ti wà bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó wọṣẹ́. Ẹ fẹ̀yìn tì í, ẹ máa wò ó bọ̀ tó bá wù yín."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo fẹ̀yìn tì í láti Àkúrẹ́ kọjá Ọ̀wẹ̀nà títí dé Oǹdó, mo di okùn náà mú, inú mi ò dùn.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni Sájẹ́ǹtì ní ní Yábà, àdúgbò kan ní Oǹdó níbẹ̀, ó ń tún ẹ̀rọ ìlọta àti jẹnẹrétọ̀ ṣe. Èdè Oǹdó ló ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ sọ, kíákíá, tí mi ò gbọ́ ju ìdajì lọ. Ó rí mi, ó nawọ́ sí bẹ́ǹṣì.

"Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àná lo bá wá, o ti pàdánù owó ọkọ̀ rẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ mi."

"Àìgbọ́ràn rẹ ló gbà á. Mo ti tún nǹkan ṣe, o lọ tú u."

"Ẹ ò tún un ṣe. Sódì lẹ wé e."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Ó gbójú sókè. Mo rò pé ó máa bínú. Ó kàn rọra mí kanlẹ̀, ó ní, "Tí mo bá ní irọ́ ni mo pa, kí ni wọ́n máa pè mí? Alágídí ni wọ́n ń pè mí báyìí. Ó yá ju òpùrọ́ lọ. Jẹ́ ká wọlé lọ jẹun."

Ohun tí mo pinnu ní ọkàn mi ni pé màá sọ ọ́ níwájú ìyàwó rẹ̀, torí kò ní lè jiyàn tí ìyàwó rẹ̀ bá ń gbọ́. Mi ò tíì bá obìnrin náà pàdé rí. Ó gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí kalẹ̀ fún wa. Bí mo ṣe ń ṣan ọwọ́ ni ó kúnlẹ̀. Obìnrin tó lè bí mi.

"Àbúrò, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín," ó ní. "Ẹlòmíràn kò ní yà sílé ẹni tó fẹ́ ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Mo ti bá a wí títí. Mo ní kí ló dé tó fi máa halẹ̀ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kì í ṣe ìwà rẹ̀. Ọmọ wa ọkùnrin tó fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun, kò fẹ́ kí bàbá rẹ̀ sìn ín lọ mọ́, ó ní wọ́n máa dá orúkọ náà mọ̀. Ẹ bá mi forí jì í. Ọ̀fọ̀ màmá ló kó sí i lórí."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde," mo ní.

"Ó ti tó," Sájẹ́ǹtì sọ, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Jẹ́ kí ọmọ jẹun, iyán ń tutù."

Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ̀ pé obìnrin yìí ò gbọ́ òtítọ́ rí. Irọ́ tí ọkọ rẹ̀ pa fún ọ̀gá náà ló pa fún un nílé, kí ó má baà sí ẹnu kan tí ọ̀rọ̀ náà máa gbà yọ. Mo jẹ iyán náà. Mo jẹ ẹ́ tán. Ó bu omi fún mi.

Obìnrin náà ní òun máa sìn mí dé títì. Sájẹ́ǹtì ti padà sí ìdí ẹ̀rọ rẹ̀, àwa méjì péré la jọ ń lọ lójú ọ̀nà. Ó ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀, bí ọmọ náà ṣe máa ń bá bàbá rẹ̀ tú rédíò nígbà tó wà ní kékeré, tó jẹ́ pé báyìí tí bàbá bá wọlé, òun á jáde. Mo ń sọ "ẹn" àti "ó máa dáa." A dé títì. Ọkọ̀ Àkúrẹ́ kò tètè dé. A dúró papọ̀ ó pẹ́ díẹ̀. Kò sí ohun tó dí mi lẹ́nu. Nígbà tí ọkọ̀ dé, ó gbàdúrà fún mi, ó ní mi ò ní ṣìṣe lẹ́nu iṣẹ́. Mo ṣe àmín.

Ọ̀gá mi ti gbọ́ tẹnu mi, bó bá gbà á, bí kò sì gbà á. Ẹni tí mo jẹ ní gbèsè báyìí ni obìnrin yẹn. Ọ̀rọ̀ náà ò gùn: ọkọ yín ò halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni rí, ó bi mí, mo sì parọ́ fún un, òun ló yẹ kí ẹ kúnlẹ̀ bẹ̀, kì í ṣe èmi. Mo ti kọ ọ́ síbí yìí, àmọ́ kì í ka ìwé Yorùbá, kò sì mọ̀ pé mo ń kọ ọ́. Ó kù kí n tún wọ ọkọ̀ Oǹdó.